Ilé fídíò àwọn orogún l'Ouando: ẹ lọ, àmọ́ ẹ mú ṣénjì dání

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo wa yìí, tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé níbo ni mò ń sá lọ tílẹ̀ bá ti ṣú, ó yá, ẹ wá gbọ́. Ilé fídíò kan wà lọ́nà Ouando, kò jìnnà sọ́jà, kò ní pátákó níta, kò sóhun téèyàn fi lè dá a mọ̀, àmọ́ ẹ kàn sọ fún zémì, ọlọ́kadà wa, pé ilé fídíò ìyàwó Ṣáínà, á já yín sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Fíìmù ààfin Ṣáínà nìkan ni wọ́n ń fi hàn ńbẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí karaté, kò sí ti Nàìjíríà. Ọba kan, ìyàwó rẹpẹtẹ, ìwẹ̀fà tó ń yọ́ rìn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á sì máa bá ìjà lọ láti ìpín kìíní títí dé ìpín àádọ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ orogún Ṣáínà, ṣé tilé wa ò tó wa ni. Ó tó wa o, òun gan-an ló jẹ́ kó tètè yé wa.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tówó. Àga onítìmùtìmù tó wà lábẹ́ fáànù, 500 sẹ́fà. Bẹ́ǹṣì, 300. Ẹní nílẹ̀, 200. Tó bá di ọjọ́ Àìkú wọ́n á fi 100 lé e, kò sì sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún yín, tẹ́ ẹ bá bèèrè wọ́n á ní epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n. Àwọn tó ń jókòó sórí àga ti mọ ara wọn, kálukú ló ní àyè tiẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣèèṣì jókòó síbi tí kì í ṣe tiyín wọn ò ní pariwo o, wọ́n á kàn wá dúró tì yín, wọ́n á máa gbá aṣọ mọ́ra, wọ́n á máa pòṣé, títí ẹ ó fi dìde fúnra yín. Ẹní lèmi fẹ́ràn ní tèmi. Ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń wọlé, èèyàn lè na ẹsẹ̀.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ń lọ ni Ògbufọ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ni, kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó kọ́ èdè Ṣáínà ní yunifásítì Abomey-Calavi, torí náà kì í ṣe Faransé tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fíìmù ló ń kà fún wa, ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu gan-an ló ń gbọ́. Á jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísàn, á mú máíkì lọ́wọ́, á dín ohùn fíìmù kù, á wá máa sọ ọ́ ní Yorùbá Àjàṣẹ́, tí èdè Gùn bá wù ú á yà síbẹ̀, á tún padà. Ohùn kálukú ló ń sọ. Tí olorì àgbà bá rẹ́rìn-ín músẹ́ tó ní kí ìyàwó tuntun wá mu tíì, Ògbufọ̀ á fa ohùn gùn bíi tàwọn ìyálé wa, "àbúrò mi àtàtà, sún mọ́ mi, wá mu tíì," gbogbo ilé á ní "hẹ̀ẹ́n!", torí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé tíì yẹn ní nǹkan nínú. Àléébù ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń gbè sẹ́yìn àwọn ìyàwó kékeré. Ohùn dídùn ló ń fún wọn, àwọn ìyálé á sì máa hó bí ìkòkò. Àwọn màmá tó ń jókòó sórí àga ti bá a wí títí, kò gbọ́.

Ohun tó fi yàtọ̀ sí kéèyàn jókòó sílé kó máa wò ó lórí fóònù ni pé tí fíìmù bá ti fẹ́ parọ́ fún wa, á dá a dúró. Lóòótọ́ o, á tẹ bọ́tìnnì, olorì á dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu lílà sílẹ̀, Ògbufọ̀ á wá ṣàlàyé bó ṣe rí gan-an. Ayé ìjọba Qing ni púpọ̀ nínú àwọn fíìmù yìí dá lé, àwọn ọba ẹ̀yà Manchu tó jọba ní Ṣáínà láti 1644 títí di 1912, ààfin wọn wà ní Beijing, àwọn ọba Ming tó ṣáájú wọn ló kọ́ ọ láàárín 1406 sí 1420. Àwa tá a dàgbà ládùúgbò Honmè níbí, níbi tí ààfin àwọn ọba Àjàṣẹ́ wà, kò ṣàjèjì sí wa kí ọba ní ìyàwó púpọ̀. Àmọ́ tàwọn yẹn, lábẹ́ òfin ni, ipò kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tiẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Olorì àgbà kan ṣoṣo, huang guifei kan tẹ̀ lé e, guifei méjì, fei mẹ́rin, pin mẹ́fà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn, guiren, changzai, daying, ìyẹn ò níye, bó bá ṣe wu ọba.

Ẹ wá gbọ́ tówó wọn, torí èmi tí mò ń tajà, ibẹ̀ letí mi ti là. Olorì àgbà ń gba 1,000 tael fàdákà lọ́dún (tael ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fàdákà). Huang guifei, 800. Guifei, 600. Fei 300, pin 200, guiren 100, changzai 50, daying tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, 30. Ìyàwó ọba kan náà ni gbogbo wọn o! Ti òkè ní ìránṣẹ́bìnrin mẹ́wàá, ti ìsàlẹ̀ ní méjì. Sílíìkì tí wọ́n máa fi ránṣọ, ẹran, àbẹ́là, èédú tí wọ́n máa yá nígbà òtútù, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín gbogbo ẹ̀ bí ipò bá ṣe rí. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí ọmọbìnrin kan nínú fíìmù tó ń da ẹ̀gún sínú bàtà orogún ẹ̀, tẹ́ ẹ ń sọ pé owú ìfẹ́ ló ń jẹ, ìfẹ́ wo? 30 tó ń gbà ló fẹ́ kó di 50. Ẹlòmíì wà ńbẹ̀ tí ọba ò pè rí látọjọ́ tó ti wọlé, ìjà tirẹ̀ ló sì le jù.

Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì bèèrè pé báwo wá ni ọba ṣe ń mú ẹni tó máa sùn tì í. Ògbufọ̀ ní nídìí oúnjẹ alẹ́, ìwẹ̀fà á gbé àwo kan wá, pátákó pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n kun orí wọn láwọ̀ ewé ló wà nínú ẹ̀, orúkọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan wà lára tiẹ̀, èyí tí ọba bá dojú ẹ̀ dé, onítọ̀hún ló kàn. Wọ́n á sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, kó lè jẹ́ pé tóyún bá dé wọ́n á ṣírò ẹ̀ wò.

"Tí ò bá dojú ìkankan dé ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé àwo padà."

Ó tún fíìmù ẹ̀ tàn.

Lẹ́yìn owó, ọmọ ló kù. Láàfin Qing kì í ṣe dáwódù ló ń jọba dandan, èyí tó bá wu ọba nínú gbogbo ọmọkùnrin ẹ̀ ni. Ọba Yongzheng ló wá sọ ọ́ dàṣírí pátápátá ní 1723: ọba á kọ orúkọ sínú ìwé, wọ́n á tì í mọ́nú àpótí, wọ́n á gbé e sẹ́yìn pátákó ńlá tó wà lókè ní gbọ̀ngàn Qianqing, ó di ọjọ́ tí ọba bá kú kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ìyá tó bí ọkùnrin ló mọ̀ pé orúkọ kan wà lókè yẹn, kò sẹ́ni tó mọ tọmọ ta ni. Ẹ rò ó wò! Èyí tó dun èmi jù nínú wọn ni ti Ling, ìyàwó ọba Qianlong, ọmọ ìdílé ìránṣẹ́ ni, ó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di huang guifei ní 1765. Ní 1773 ọba kọ orúkọ ọmọ ẹ̀ sínú ìwé àṣírí, kò sọ fún ẹnì kankan. Ní 1775 Ling kú. Ó di 1795 kí wọ́n tó fi ọmọ náà hàn, òun ló di ọba Jiaqing, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi òkú ìyá ẹ̀ joyè olorì àgbà, ogún ọdún lẹ́yìn tó ti wọlẹ̀. Màmá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní ká ọwọ́ lérí, ó ní "ó kú láìgbọ́! ó kú láìgbọ́!" ó ń sọ ọ́ títí tá a fi ń jáde.

Ó wá kan àwọn tó nilé. Ìyálé àti ìyàwó ni wọ́n. Ọkọ wọn wà o, ó máa ń jókòó sábẹ́ igi níta tòun ti rédíò ẹ̀, kì í dá sí nǹkan kan. Ìyálé ló ni fídíò àti ohun mímu: bísáàpù (ẹlòmíì ń pè é ní zobo), omi tútù, bíà fẹ́ni tó bá ń mu ún. Ìyàwó ló ni oúnjẹ: àtàsí (ìrẹsì àti ẹ̀wà), àlòkò (dòdò), yòvódókó (pọfúpọọ̀fù), ẹja díndín. Àpò méjì lowó ń wọ̀. Bẹ́ ẹ bá fún ìyálé ní 2,000 pé kó yọ owó bísáàpù kó yọ ti àtàsí, á yọ tiẹ̀, á ní kẹ́ ẹ lọ bá "ẹni ọ̀hún." Ẹni ọ̀hún á ní òun ò ní ṣénjì, kẹ́ ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ gbówó fún. Ẹ̀ ń lọ ẹ̀ ń bọ̀, wọ́n ti fi májèlé pa ẹnì kan nínú fíìmù, ẹ ò rí i. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ mú ṣénjì dání nìyẹn, owó wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sì pín in sọ́nà méjì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Wọ́n tún ń ṣọ́ ẹni tó rajà lọ́wọ́ ta. Kì í ṣe pé mò ń ṣòfófó, ẹni tó bá ti débẹ̀ á jẹ́rìí mi. Bẹ́ ẹ bá gbé ìgò bísáàpù lọ́wọ́ lọ síbi ìdáná, àtàsí yín á pẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn oúnjẹ lẹ wá ra bísáàpù, ti ìsàlẹ̀ kúlà tí ò tíì tutù ni wọ́n máa mú fún yín. Ọ̀nà tí mò ń gbà ni pé mo máa ń rán ọmọ kékeré kan lọ síbi kan, kí èmi lọ síbi kejì. Àmọ́ oúnjẹ yẹn dáa, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà inú àtàsí náà jinná dọ́gba, ọ̀kan ò fọ́ mọ́ ọ̀kan lára, ata díndín tó ń bù sórí ẹ̀ ní àlùbọ́sà tó ti pọ́n dáadáa, ẹja ẹ̀ sì gbẹ títí dé egungun. 300 ni, ẹja 200 lọ́tọ̀. Bísáàpù ti dùn jù fún tèmi, ṣúgà pọ̀, àmọ́ atalẹ̀ inú ẹ̀ ń ta èèyàn lọ́fun dáadáa.

Alẹ́ tí mi ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni ti Nara. Olorì àgbà tí Qianlong kọ́kọ́ ní kú ní 1748, Nara ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ ní 1750. Ní 1765 ọba ń rìnrìn àjò lọ sí gúúsù, Nara bá a lọ, wọ́n dé Hangzhou, àfi bí Nara ṣe mú àlùmọ́gàjí tó gé irun orí ẹ̀. Ògbufọ̀ dá fíìmù dúró. Ó ní láàárín àwọn Manchu, ọjọ́ tí ọba bá kú tàbí ìyá ọba nìkan ni olorì lè gé irun. Kò tíì sọ ọ́ tán tí gbogbo ilé fi figbe ta, torí ta lobìnrin Yorùbá tí wọ́n máa ṣàlàyé ìyẹn fún lẹ́ẹ̀mejì, ṣé opó kọ́ ló ń fárí ni? Obìnrin yìí ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ tó wà láàyè! Ọba dá a padà sí Beijing kíákíá, ó gba gbogbo ìwé oyè lọ́wọ́ ẹ̀, ní 1766 ó kú, wọn ò sin ín bí olorì àgbà, inú ibojì orogún ẹ̀ kan ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ohun tó bí i nínú tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ààfin ò sọ, fíìmù kọ̀ọ̀kan ló ń hun tiẹ̀.

Ibi tá a dé nìyẹn tí ìyálé fi sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ìgò bísáàpù lọ́wọ́, ohùn ròkè: "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó o!"

Gbogbo ojú yí síbi ìdáná. Ìyàwó ò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń fi fọ́ọ̀kì yí àlòkò nínú epo, ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Ó yí èyí tó kẹ́yìn tán kó tó dáhùn: "Ìyálé mi, ẹ má bínú, àjà ọ̀hún ti wó tipẹ́, abẹ́ páànù là ń gbé báyìí." Ẹ̀rín tí wọ́n rín nílé yẹn, Ògbufọ̀ gan-an ju máíkì sílẹ̀. Ìyálé fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, a rí i. Lálẹ́ yẹn nìkan ni mo rí ṣénjì gbà láìlọ lẹ́ẹ̀mejì.

Tiná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì tètè dìde, ẹ má dìde nílẹ̀ o, ibẹ̀ ló ń dùn jù. Ògbufọ̀ á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, á máa sọ àwọn ìtàn tí ò sí nínú fíìmù tá à ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ti Lü Zhi, olorì ọba tó dá ìjọba Han sílẹ̀. Ọba fẹ́ràn orogún ẹ̀ tó ń jẹ́ Qi, débi pé ó fẹ́ gba ipò àrólé lọ́wọ́ ọmọ Lü Zhi kó gbé e fún ọmọ Qi, àwọn ìjòyè ò gbà fún un. Ọba wá kú ní 195 ṣáájú ìbí Jésù. Lü Zhi di ìyá ọba. Ó fún ọmọ Qi ní májèlé. Qi fúnra ẹ̀, ó gé e lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó yọ ojú ẹ̀, ó ba etí àti ohùn ẹ̀ jẹ́, ó gbé e sí ṣalángá, ó ní kí wọ́n máa pè é ní èèyàn-ẹlẹ́dẹ̀. Ó tún ní kí ọmọ òun tó wà lórí oyè wá wò ó. Ọmọ yẹn sunkún, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní èyí kì í ṣe ìṣe èèyàn. Àwọn òpìtàn Han fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó ra oúnjẹ mọ́ lálẹ́ yẹn, ìyàwó bínú sí Ògbufọ̀ gan-an, ó ní "ìwọ ọmọ yìí, tó o bá tún fẹ́ sọ irú ẹ̀, dúró kí n kọ́kọ́ ta ẹja mi tán."

Èyí tó sọ fún wa lọ́jọ́ míì fa àríyànjiyàn. Ọba Chenghua, ti Ming, obìnrin kan tó ń jẹ́ Wan ló gba ọkàn ẹ̀, obìnrin yẹn fi ọdún tó ju 15 lọ jù ú, ó ti ń tọ́jú ẹ̀ láti kékeré. Wan bímọ ọkùnrin kan, ó kú lọ́mọ ọwọ́. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ní kò jẹ́ kí oyún àwọn tó kù dúró. Ẹnì kan wá bímọ ní bòókẹ́lẹ́ ní 1470, àwọn ìwẹ̀fà àti ìránṣẹ́ gbé ọmọ náà pa mọ́ láàfin níbẹ̀ títí ó fi tó ọdún márùn-ún kí ọba tó mọ̀ pé òun lọ́mọ. Ọmọ yẹn ló di ọba Hongzhi ní 1487, ìyàwó kan ṣoṣo ló sì fẹ́ títí ó fi kú. Àwọn kan ní ọgbọ́n ló fi ṣe. Bàbá kan (ọkùnrin díẹ̀ máa ń wá o) ní ẹ̀rù ló bà á. Wọ́n ń jà á lọ títí iná fi dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo fíìmù mọ́.

Ti Wenxiu lèmi fẹ́ràn jù. Puyi, ọba tó kẹ́yìn, fẹ́ obìnrin méjì ní 1922, Wanrong ní ipò olorì àgbà, Wenxiu ní ipò fei, lásìkò tí wọ́n ti gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀ pàápàá. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Tianjin, Wenxiu ò rójú, ní 1931 ó jáde nílé, ó gba lọ́yà, ó kọ ọba sílẹ̀. Wọ́n fi 55,000 yuan parí ẹ̀. Èmi tí mo ti gbọ́ ti 30 tael, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ń ta mí.

Àwọn tó yẹ kí wọ́n tún ṣe: ilé ìyàgbẹ́ wọn ò ní iná, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀fọn pọ̀ lójò. Àga onítìmùtìmù méjì ti ya, wọ́n ṣì ń gba 500 lórí wọn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti wo fíìmù tán nílé, tí wọ́n á máa sọ ẹni tó máa kú fún wa ṣáájú, ìyálé yẹ kó máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn, mo ti sọ fún un. Tẹ́ ẹ bá ń gbé lápá Djassin, ẹ bá zémì sọ ọ́ kó wá padà gbé yín, torí lẹ́yìn aago mẹ́wàá wọ́n máa ń ṣọ̀wọ́n ńbẹ̀.

Ní báyìí wọ́n ti parí ti Qianlong. Ti Wu Zetian ló kàn, ẹni tó wọ ààfin Tang bí ìyàwó kékeré, tó gba ipò lọ́wọ́ olorì àgbà Wang ní 655, tó sì fúnra ẹ̀ jọba ní 690. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ìyálé ti ń sọ káàkiri pé àga á di 600. Ìyàwó ní 300 ni àtàsí tòun o, kò ní kúrò níbẹ̀.